Maṣíìnì Ìsàlẹ̀

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó lè bá olùkọ́ jiyàn, ó lè bá ọlọ́pàá jiyàn, bí kò bá sì rí ẹni bá jiyàn, yóò bá ìkòkò tó ń hó lórí iná jiyàn. Obìnrin yìí kan náà ló wá di olùtọ́jú ọkàn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó jókòó, kó pa ẹnu mọ́, kó gbọ́ ohun tó ń dun ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbọ́ irú iṣẹ́ tó lọ kọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

"Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti di Gbọ́rọ̀gbọ́rọ̀! Ẹ wá wò ó o!"

Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni wọ́n gbà fún un, òórùn ọṣẹ ìfọlẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀ rí. Èèyàn ò ní tíì sọ ìdajì ohun tó gbé wá kí nọ́ọ̀sì tó kan ilẹ̀kùn pé èrò pọ̀ níta, kó ṣe kíá. Ó fara dà á títí, ara ò gbà á mọ́. Ó wọ yàrá ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ọkàn èèyàn kì í ṣe táyà tí wọ́n ń pààrọ̀ létí títì."

"Tó o bá mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ," ni ọ̀gá wí láìgbójú sókè, "lọ dá tìẹ sílẹ̀."

"Mo ti lọ nìyẹn."

"O máa padà wá."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gbé jáde níbẹ̀, ó sì ń ta á lára bí ẹ̀gún inú bàtà.

Ó gba yàrá kan lókè ilé alájà méjì. Àtẹ̀gùn onígi ló gbé èèyàn débẹ̀, pákó ni ilẹ̀ yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kun ògiri, òun náà ló gbé àga onítìmùtìmù méjì wá láti pálọ̀ ara rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ fi dẹni tó ń wo ìròyìn lórí ìdúró. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbé àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé èkejì sí kọ̀rọ̀ tó jìnnà sí fèrèsé, kí ojú ará òpópónà má bàa ká ẹni tó bá ń sunkún. Àwọn tó ń wá, àlejò ló ń pè wọ́n. Ó san owó ilé ọdún kan, ó sì bá ara rẹ̀ sọ ọ́: bí ọdún bá yípo tí yàrá yìí ò bá lè bọ́ òun, òun á padà sí ilé ìwòsàn, òun á lọ dúró síwájú ọ̀gá kó fi òun rẹ́rìn-ín.

Àwọn àlejò wá díẹ̀díẹ̀. Olùkọ́ obìnrin kan wà nínú wọn tí kì í rí oorun sùn. Tọkọtaya kan wà tó jẹ́ pé ọmọ wọn ni wọ́n ń rán níṣẹ́ sí ara wọn nínú ilé kan náà. Awakọ̀ akẹ́rù kan náà wà, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tí àtẹ̀gùn ń ké tó bá ń gòkè. Ọkọ̀ rẹ̀ ló dojú dé lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í kú, ṣùgbọ́n òun ò ha rárá. Láti ọjọ́ náà, kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀, kò sì tíì mẹ́nu kan ọ̀rẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á wá.

Ní àwọn ìgbà tó kọ́kọ́ wá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ọ̀rọ̀ ń yún Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó fi eyín di ahọ́n mú. Lábẹ́ wọn, maṣíìnì aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ń lu pákó, tàkà-tàkà-tàkà. Lọ́jọ́ kan, láàárín ariwo yẹn, awakọ̀ la ẹnu. Ó ní ọ̀rẹ́ òun máa ń súfèé tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, bí ẹni pé súfèé yẹn ló ń tì í gòkè. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dákẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó sọ sí i. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó rẹ ohùn sílẹ̀ sọ nǹkan kan, maṣíìnì sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò gbọ́ ọ, kò sì tó bẹ́ẹ̀ láti ní kó tún un sọ.

Inú bí i débi tí àlejò náà ò tíì rìn dé kọ̀rọ̀ òpópónà tó fi sáré sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Aránṣọ, àgbàlagbà tó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dókítà! Dókítà tí ò lábẹ́rẹ́. Èmi tí mo ní páálí abẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni ò pè mí ní dókítà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ eré kọ́. Maṣíìnì yín yìí, ṣé aṣọ ló ń rán ni àbí òkúta ló ń lọ̀?"

"Aṣọ ni. Tí òkúta bá dé, màá gba àfikún owó."

"Àwọn èèyàn ń sọ ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn lókè lọ́hùn-ún, ariwo yín ò jẹ́ kí n gbọ́ wọn!"

Bàbá wo ṣòkòtò tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó wo obìnrin náà. "Báwo wá ni ká ti ṣe é?"

"Tí àlejò bá dé, màá fi gìgísẹ̀ kan pákó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ dákẹ́. Tó bá lọ, màá kàn án lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa rán lọ."

"Aṣọ oníbàárà mi ńkọ́?"

"Bàbá, ṣé aṣọ ju èèyàn lọ ni?"

Ta ló fẹ́ dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tí kò ní dà bí ìkà? Bàbá yọ ọwọ́ kúrò lára maṣíìnì. "Ó dáa, Dókítà. Ẹ máa kàn án."

Ó gòkè padà bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Ìdákẹ́jẹ́ dé. Ó gbádùn rẹ̀ gan-an ni, pàápàá lórí àga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìró kẹ̀kẹ́ àti ìpè àwọn tó ń kiri ọjà ti ń rọra wọlé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn àlejò. Olùkọ́ obìnrin dẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wà nínú ìdánwò. Tọkọtaya yẹn, tí wọ́n ti ń gbóhùn síra wọn dáadáa, tún padà sórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, awakọ̀ dé ibi tí ọkọ̀ ti dojú dé nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Gbogbo èjìká rẹ̀ ló fi sun ún. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jókòó tì í, ó ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí wàyí. Ọkùnrin náà nu ojú, ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀.

Kò padà wá mọ́.

Ó pè é, kò gbé e. Olùkọ́ obìnrin ní òun rìnrìn àjò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rí i lójú títì lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú àpò ìwé rẹ̀. Tọkọtaya ní àwọn ti ń yanjú rẹ̀ nílé. Àfi bí ẹni tí wọ́n gbọ́n yàrá rẹ̀ dà nù.

Òye iṣẹ́ òun ni kò tó, ohun tó sọ sí ara rẹ̀ nìyẹn. Ó tún àwọn ìwé tó kà nílé ẹ̀kọ́ kà. Ó ń ṣí yàrá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ń ṣí i lọ́jọ́ ìsinmi, kó má bàa jẹ́ pé àkókò ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́kù ń pè é nígbà tó bá wù wọ́n, ó ń gbé e, kódà pẹ̀lú ọṣẹ lójú nínú ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń sùn lọ níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, onítọ̀hún gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní ìbéèrè kan. Ṣé ìwọ lo ni yàrá yẹn ni, àbí òun ló ni ẹ́?"

Kò lè dáhùn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn pàdé rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ní kí n sọ fún yín pé yàrá ìgbálẹ̀ yín ṣì wà. Ó ní kí ẹ fún òun lésì kí oṣù tó parí." Ìparí oṣù ni owó ilé rẹ̀ náà máa tán.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ yìí: ẹni tó ń gbọ́ ti àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ ní àgbà kan tó ń gbọ́ tirẹ̀, tó ń bá a yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, ìyá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ọ níṣẹ́. Màmá ló ń pè é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ní yàrá ara rẹ̀, kò débẹ̀ mọ́. Ó rò pé ẹni tó bá ti ń dá dúró ti kúrò ní akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ló bá Màmá, tó ń fún aṣọ ìbora.

"Ta ló kú?" ni Màmá wí.

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Ẹ káàárọ̀ mà."

"Mo rò pé òkú ló rán ẹ létí ọ̀nà ilé mi ni. Bá mi di etí ìbora yìí mú. Fún un sápá òsì, má jẹ́ kó wọ́lẹ̀."

Wọ́n jọ ń fún ìbora, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì tú ẹnu sílẹ̀. Ó sọ ti olùkọ́, ó sọ ti tọkọtaya, ó sọ ti awakọ̀, ó sọ ti ọ̀gá àti yàrá ìgbálẹ̀. Omi ń kán sórí bàtà wọn. Màmá ń fún ìbora títí ó fi gbẹ débi tó lè gbẹ.

"O ti parí?"

"Mo ti parí, Màmá."

"O ò tíì parí. O ò tíì sọ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́."

Ojú Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kún. "Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọ̀rọ̀ wá délé." Màmá ju ìbora sórí okùn. "Níbo lo máa ń jókòó sí nínú yàrá yẹn?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

"Ṣé o ti jókòó sórí àga tiwọn rí?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ìyẹn gan-an ni kó o lọ wò. Lọ jókòó síbẹ̀, kó o pa ẹnu ẹ mọ́. Bó o rí nǹkan, bó ò rí nǹkan, padà wá. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ní yàrá tèmi, títí dọjọ́ tí mo tì í pa, mo lẹ́ni tó ń gbọ́ tèmi. Ìwọ, irú igi wo ni ẹ́ tó fẹ́ dá igbó ṣe?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ yàrá, ó fi gìgísẹ̀ kan pákó lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó lálejò. Maṣíìnì dákẹ́. Ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, lórí àga àwọn àlejò. Ìró òpópónà ò dé ibẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni àlùmọ́gàjí tó ń gé aṣọ, kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gé e. Ó gbọ́ ikọ́. Ó wá gbọ́ ohùn Bàbá Aránṣọ lórí fóònù.

"Ìyá wọn, mi ò lè sọ̀rọ̀ sókè. Dókítà ti lálejò. Mò ń lọ síta báyìí."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni Bàbá sọ ọ́ o! Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wọlé sí i létí ní mímọ́ gaara. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ àga. Àlàfo wà láàárín pákó méjì, ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ sì ń yọ níbẹ̀.

Tí àlejò bá ń gbọ́ ikọ́ Bàbá, àlejò mọ̀ pé Bàbá ń gbọ́ òun. Maṣíìnì yẹn ló ti ń bo àṣírí àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ́lẹ̀ látìgbà yìí, òun, olùtọ́jú ọkàn, ló sì lọ fi ẹnu ara rẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Bàbá jókòó síta nínú oòrùn lórí àpótí kékeré kan, ṣòkòtò lórí orúnkún, ó ń fọwọ́ rán an.

"Ṣé àlejò ti lọ? Mi ò gbọ́ kí ẹ kàn án."

"Kò sí àlejò, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ wọn?"

Bàbá rọra fa òwú jáde lára aṣọ. "Ọjọ́ tí ọkùnrin ńlá yẹn sunkún, mo gbọ́. Mi ò fetí kọ́ ọ o. Mi ò ríbi gbé etí sí ni. Mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ kú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ní, 'Ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà.'"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dijú.

"Ṣé kò dáa ni?" ni Bàbá béèrè. "Wọ́n kọ́ mi nílé, Dókítà. Èèyàn á pàdánù ọ̀rẹ́, màá wá wò ó lójú, màá ní ẹ káàsán?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà nìyẹn: ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣe ọ́, tí kò kí ọ, wọn ò kọ́ onítọ̀hún nílé. Bàbá ti kí i tinútinú, ìkíni yẹn ló sì sọ fún awakọ̀ pé etí mìíràn ti gbọ́ ẹkún rẹ̀.

"Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jáde síta tí ẹ bá ti kan pákó," ni Bàbá wí. "Oòrùn ń jó mi díẹ̀, àmọ́ ó sàn. Èyí tí mi ò bá rí rán níbí, mò ń gbé e lọ sílé. Ìyàwó mi ń bá mi ká etí aṣọ."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kúnlẹ̀ sínú eruku níbẹ̀.

"Ẹ dìde, Dókítà! Ìyàwó mi lè yọ níbẹ̀ yẹn, kì í béèrè kó tó jà."

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mo gba ìjókòó yín àti iṣẹ́ yín, ẹ ò sì sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi wọlé, ẹ rán aṣọ. Tí mo bá kan pákó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ariwo."

Bàbá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kó yé mi o. Tẹ́lẹ̀, ẹ kàn án kí n dákẹ́. Ní báyìí, ẹ kàn án kí n pariwo. Iṣẹ́ dókítà yìí ò rọrùn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé kápẹ́ẹ̀tì ńlá kan wá láti pálọ̀ kan náà yẹn, ọkọ rẹ̀ ò tilẹ̀ béèrè mọ́. Wọ́n fi èérún igi àti àtè dí àlàfo abẹ́ àga. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lẹ àkókò iṣẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì ń pa fóònù tí oòrùn bá ti wọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń lọ fún ìbora lọ́dọ̀ Màmá. Aṣọ Màmá kì í tán, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà kì í tán. Ìgbà tó dé ibẹ̀ tó sọ ohun tó rí lábẹ́ àga, Màmá rẹ́rìn-ín débi tó ju ìbora sílẹ̀. "Èmi náà ti lé alágbẹ̀dẹ kan rí," ni Màmá wí, kò sì ṣàlàyé.

Èyí tó le jù ló kù. Ó pe àwọn tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ òótọ́ fún wọn. Olùkọ́ obìnrin ní, "Àṣé kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ikọ́ yẹn!" Ó padà lọ́sẹ̀ kejì, ó mú olùkọ́ mìíràn dání. Awakọ̀ gbé ìpè tirẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Ẹni yẹn sọ fún ẹlòmíràn?"

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bi mi ni, sà, kì í ṣe tirẹ̀. Mo ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀ níbi tí mi ò tíì yẹ̀ wò dáadáa."

Ọkùnrin náà mí, ó pa fóònù.

Oṣù ń lọ sópin. Àwọn mélòó kan ti padà, owó ọdún kejì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ṣùgbọ́n Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ò fún ọ̀gá lésì. Kò lè pe yàrá yìí ní yàrá nígbà tí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e jù níbẹ̀ ti fi ẹkún jáde, tí kò sì padà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, Bàbá Aránṣọ ké sí i láti ìsàlẹ̀ pé òun ti rán gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tán, òun fẹ́ tètè tilẹ̀kùn lọ́sàn-án, òun fẹ́ lọ wo ọmọ òun obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Ẹ kú ewu ọmọ, Bàbá! Ẹ bá mi kí i."

Lọ́sàn-án, àtẹ̀gùn ké. Ó mọ ẹni tó ń mú un ké bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ń wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú inú.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Kò jókòó. Ó ń fetí sílẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rántí pé Bàbá ti ní òun ń lọ. Síbẹ̀, ó ká etí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi gìgísẹ̀ kan pákó lẹ́ẹ̀mejì. Ìsàlẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Awakọ̀ yíjú sí ọ̀nà àtẹ̀gùn. Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀: tàkà-tàkà-tàkà, ariwo tó le gan-an, bí ẹni pé òkúta dé lóòótọ́.

"Ó ń pariwo o," ni awakọ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. A dúpẹ́."

Ọkùnrin náà jókòó. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ́. "Ó ní kí n jẹ́ kí òun wà á," ni ó wí. "Ó rí i pé oorun ń kùn mí. Ó ní kí n sún, kí òun wà á. Mo ní rárá." Ọ̀rọ̀ tí maṣíìnì gbé mì lọ́jọ́sí nìyẹn. Kò rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì gbọ́ ọ ketekete. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jókòó sáàárín wọn títí ọkùnrin náà fi rí èyí tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n parí, ó sìn ín dé orí àtẹ̀gùn. Bàbá Aránṣọ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó rí awakọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí. Láti òkè, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rí ìkíni ńlá kan tó ń jà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà náà. Bàbá gbé e mì.

"Ẹ káàsán, sà," ni ó wí.

Awakọ̀ dúró.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an." Ó tẹjú mọ́ maṣíìnì. "Kí lẹ wá ń rán látàárọ̀?"

Bàbá gbé àkísà kan sókè. Òwú ti gba ibẹ̀ kọjá síwá sẹ́yìn, lórí ara wọn, títí ó fi le gbagidi bí páálí.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kò lè tú."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu awakọ̀, ẹ̀rín gidi, tó gun àtẹ̀gùn wá bá obìnrin náà níbi tó dúró sí. Ó ní òun á mú ṣòkòtò méjì wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ tí òun bá ń bọ̀ lókè. Ó sì lọ.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹ ilé ìwòsàn láago níbẹ̀, ó ní kí nọ́ọ̀sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá dáadáa, kí wọ́n sì dá ìgbálẹ̀ padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀. Ó ti to ọpẹ́ jọ sẹ́nu, èyí tó gùn, tó ní orí, tó ní ìrù.

"Bàbá," ni ó bẹ̀rẹ̀, "látọjọ́ tí mo ti..."

"Dókítà, ẹ gbà mí," ni Bàbá wí. Fìlà ti wà lórí rẹ̀, ẹ̀bùn ọmọ tuntun ti wà lábẹ́ apá rẹ̀. "Ẹ ò tíì kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá mi kàn án, kí n lè máa lọ."

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sì fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀ẹ̀kan péré.